Táǹkì epo ọkọ̀ GMC CCKW ti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ń jò: ṣé kí n gbé e fún wẹ́dà?

ÌrìnLóko
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. GMC CCKW-353 ni, ọkọ̀ agbépo àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé táǹkì méjì lé lẹ́yìn, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 375 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ló wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Táǹkì iwájú ló ń jò ní ojú ìsopọ̀ ìsàlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí epo ti wọnú rẹ̀ gbẹ̀yìn, òórùn nìkan ló kù. Wẹ́dà kan ní kí n gbé e wá, pé wákàtí kan ni òun á fi jó o. Ṣé kí n gbé e lọ? Báwo ni mo ṣe máa mọ gbogbo ibi tó ń jò? Kí ni kí n tún ṣe lára bíréèkì àti táyà kó tó jáde lọ síbi ìpàtẹ? Ó sì wù mí kí n kùn ún bí ọkọ̀ tó ń fún bàálù lépo ní Èkó nígbà ogun.

Àdògán
Má gbé e lọ. Táǹkì tó ṣófo tí òórùn epo ṣì wà nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún dẹ́nu lọ. Èyí tó kún kò láyè fún afẹ́fẹ́. Nínú èyí tó ṣófo, oru epo àti afẹ́fẹ́ ti dàpọ̀, bí oru náà bá sì wà láàárín nǹkan bí ìdá 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ìtapárá kékeré ti tó. Má sì gbójú lé òtútù ibẹ̀ yẹn: petiróòlù ṣì ń yọ oru tó lè gbiná ní nǹkan bí −40 °C.

Omi ọṣẹ ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Epo ti wọnú irin tó dógùn-ún, ó ti wọ ojú ìsopọ̀, ó sì ń sápamọ́ sẹ́yìn àwọn irin ìdábùú tí wọ́n fi sínú táǹkì kí epo má baà máa rú. Ooru wẹ́dà ló máa tú u jáde, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti gbà pé inú rẹ̀ mọ́.

Bí ó bá di dandan kí wọ́n jó o, tú gbogbo ọmọrí, fááfù àti páípù kúrò. Fi omi gbígbóná àti ọṣẹ tó ń gé epo fọ̀ ọ́, kí wọ́n wá fi oru omi gbígbóná sí i fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí wáyà so táǹkì àti ẹnu páípù oru náà mọ́ ilẹ̀, torí oru tó ń tú jáde lágbára máa ń dá iná mànàmáná sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, mítà tó ń wọn oru epo gbọ́dọ̀ ka òdo nísàlẹ̀ táǹkì àti lẹ́yìn irin ìdábùú kọ̀ọ̀kan. Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, torí náà wíwọ̀n ẹnu òkè nìkan kò wúlò. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o tún wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n bá ń jó o, kí nitrogen, afẹ́fẹ́ tí kì í jẹ́ kí iná ràn, máa ṣàn wọnú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni má tú ẹ̀rọ panápaná CO2 sínú rẹ̀ dípò ìyẹn: bó ṣe ń tú jáde gan-an lè dá ìtapárá sílẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó ń fọ táǹkì tí wọ́n sì ń kọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lèyí. Wẹ́dà oníwákàtí kan kọ́.

Òjé tún wà níbẹ̀. Epo bàálù ìgbà ogun, 100/130, ní òjé nínú. Ẹrẹ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ táǹkì, májèlé ni. Má fá a ní gbígbẹ, má sì dà á sí gọ́tà.

Ẹfun_àti_Omi
Lórí wíwá ibi tó ń jò: ẹ má fún afẹ́fẹ́ sí i. Ìwọ̀n 3 psi péré (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́, bíi ti inú táyà) lórí irin ojú táǹkì tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóròó ń tì í pẹ̀lú agbára tó lé ní tọ́ọ̀nù méjì. Omi ni kí o lò. Nu ojú ìsopọ̀ lóde kó gbẹ, fi ẹfun pa á, kí o rọ omi sínú, kí o sì dúró di ọjọ́ kejì. Ibi tó bá ń jò á fa ìlà dúdú sínú ẹfun náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìṣirò yìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe é. Epo tó kún táǹkì méjèèjì kò ju bíi 2,040 kìlò lọ. Omi tó kún wọn jẹ́ nǹkan bí 2,840 kìlò, ẹrù tí wọ́n sì kọ fún ọkọ̀ yìí fún ojú ọ̀nà tí kò dán ni 5,000 páùn, ìyẹn 2,270 kìlò. Ọ̀kan-ọ̀kan ni kí o rọ omi sí wọn, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, má sì wa ọkọ̀ náà nígbà tí omi wà nínú rẹ̀. Bí o bá tú u tán, fi afẹ́fẹ́ lílọ́ wọ́ọ́wọ́ gbẹ ẹ́, èyí tí kò ní iná nínú.

ÌrìnLóko
Ẹ ṣé gan-an ni. Wẹ́dà ti di ìgbàgbé. Bí n kò bá ní gbé epo nínú rẹ̀ mọ́ ńkọ́, ṣé mo lè rọ epoxy, gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó máa ń le, sínú rẹ̀ kó dí i?

Àdògán
Bí kò bá ní gbé epo mọ́, tí mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ, epoxy dára, má ṣe jó o rárá.

Ẹfun_àti_Omi
Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn pé kó rọ ọ́ sínú. Epoxy kì í di irin tó dógùn-ún mú, kò sì sí bí ọwọ́ ṣe máa dé ẹ̀yìn àwọn irin ìdábùú yẹn láti fá a. Tó bá yá, á máa bó lẹ́pa lẹ́pa, á sì lọ dí fááfù ìsàlẹ̀. Táǹkì ìpàtẹ kò nílò rẹ̀. Fi ọwọ́ fá ìta ojú ìsopọ̀ pẹ̀lú sáńpépà tí o rì sínú omi, má lo giráńdà, kí o wá fi epoxy dí i láti ìta. Ọ̀dà pupa ìsàlẹ̀ yẹn lè ní òjé, torí náà lo ìbòjú P3 tó ń sẹ́ eruku.

Rìmù_Ogún
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti táyà kí ẹnì kan tó farapa. Táyà 7.50-20 ni, mẹ́wàá ló wà nílẹ̀, òrùka irin ló sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ rìmù. Yọ ọkàn fááfù kúrò, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tán pátápátá, kí o tó fọwọ́ kan òrùka náà. Nígbà tí o bá ń fún un padà, inú àgò irin ni kó wà, kí o dúró sí ẹ̀gbẹ́. Òrùka tó ti dógùn-ún tàbí tó tẹ̀, sọ ọ́ nù. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ òsì ń tú sí òdìkejì: wo lẹ́tà L àti R lórí bóòtù rẹ̀. Àwọn tí kò mọ èyí ló ń fi páípù gígùn ṣẹ́ bóòtù.

Ní ti bíréèkì, ọ̀nà epo kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ẹsẹ̀. Róbà kan tí epo ń gbà kọjá bẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ. Pààrọ̀ gbogbo róbà, kódà èyí tó dà bí ẹni pé ó dára: ó máa ń wú nínú, epo á lọ ṣùgbọ́n kò ní padà, ẹsẹ̀ yẹn á sì máa gbóná. Lo epo bíréèkì DOT 4, má pò ó mọ́ DOT 5.

Hydrovac tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ ńkọ́? Tẹ bíréèkì léraléra nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, fẹsẹ̀ mú un mọ́lẹ̀, kí o wá tan ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bí epo bíréèkì bá ń dínkù tí kò sì sí ibi tó ń jò, tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn, róbà inú Hydrovac ti gé, ẹ́ńjìnnì ló ń mu epo náà.

Kí o tó ra ohunkóhun fún áàsìlì, wò ó lábẹ́, torí oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n fi bóòtù so méjì pọ̀ láàárín ni Timken. Èyí tó rí roboto tó ní ọmọrí ni ti GM. Ohun inú wọn kì í bára mu.

Pákó_Orúkọ
Ti Èkó: òótọ́ ni pé láti 1940 ni wọ́n ti ń to bàálù ní Takoradi, ní ilẹ̀ Ghana òde òní, tí wọ́n ń gba Èkó àti Kánò lọ sí Káírò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà yẹn nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì tíì ṣe CCKW nígbà náà. Wo pákó irin tó wà ní ọmọrí àpótí kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù: ọjọ́ tí wọ́n gbà á wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi sáńpépà 600 àti omi fá ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ lè ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà. Ohun tí o bá rí níbẹ̀ ni kí o kùn.

Bí o bá fẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn máa dúró wò, wá igi ìbòrí àti tapólì rẹ̀. Wọ́n máa ń bo táǹkì yìí kó lè dà bí ọkọ̀ ẹrù lásán lójú awakọ̀ bàálù ọ̀tá.

ÌrìnLóko
Mo ti wò ó: 1943 ló wà lórí pákó náà. Èkó ti kúrò nínú rẹ̀. Timken ni áàsìlì. Ta ló mọ bí igi ìbòrí yẹn ṣe ga tó?