Ère pẹ́pẹ́yẹ tó fúyẹ́ fún ọdẹ tó ń fi ẹsẹ̀ wọ àbàtà

Ọmọ Ọdẹ Houston:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́ ọdẹ, àrìnpa o. Houston ni mo ń gbé, n kò sì ní ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí wọ́n bá ṣí àkókò ọdẹ teal, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ igbó kékeré, ní oṣù kẹsàn-án, mo fẹ́ lọ sí àbàtà Anahuac ní Texas níbí, ní apá ibi tí wọ́n ti gbà kí ọdẹ fi ẹsẹ̀ wọlé. Ìrìn inú ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré: omi lè mu èèyàn dé orúnkún, koríko a máa fà á lẹ́sẹ̀, ooru inú ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà kò sì ṣeé fẹnu sọ. Ìbọn wà léjìká, ọta wà lápò, omi mímu kò sì ṣeé fi sílẹ̀. Ohun tó wá ń dá mi lágara ni ère pẹ́pẹ́yẹ méjìlá tí mo ní láti fi tan ẹyẹ wá sí ìtòsí, tí wọ́n fi pílásítíìkì ṣe ní ìwọ̀n mallard, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ igbó ńlá, nítorí pé tòun ti okùn àti òjé ìdákọ̀ró wọn, àpò náà wúwo tó kílò 8.

Mo rí i pé wọ́n ń ta èyí tí wọ́n fi fóòmù ṣe, èyí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, àti èyí tó jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ya àwòrán ẹyẹ sí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn ni kò ní wúwo, tí ẹyẹ kò sì ní fura sí?

Bàbá Ọdẹ Beaumont:

Àbúrò, Ògún á gbè ọ́. Kí o tó náwó sórí ère tuntun, kọ́kọ́ gbé òjé ìdí okùn rẹ sórí ìwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ òjé áúnsì 6 ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òjé nìkan ti lé ní kílò 2 lórí ère méjìlá, bẹ́ẹ̀ ibi tí omi ti ń ṣàn tàbí tí ìgbì ti ń jà ni irú òjé bẹ́ẹ̀ wúlò fún. Nínú adágún kékeré tí koríko yí ká, tí omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, òjé áúnsì 2 tó láti mú ère kékeré dúró, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò sì tó kílò kan. Gé okùn náà kúrú pẹ̀lú, nítorí okùn gígùn nínú omi tí kò jìn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa lọ́ mọ́ra lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ló dé tí o fi ń ru mallard lọ síbi tí teal ń bọ̀? Teal alápá búlúù kò ju nǹkan bí gíráàmù 400 lọ, mallard sì lè lé ní kílò kan, nítorí náà ère tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n teal kéré gan-an sí èyí tí o ní. Ní oṣù kẹsàn-án, akọ teal kò tíì wọ aṣọ ẹwà rẹ̀. Ìyẹ́ pupa rúsúrúsú bíi ti abo ló ṣì wà lára rẹ̀. Èyí ni pé ère abo nìkan ti tó, kódà èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí kò burú. Mẹ́fà sí mẹ́jọ ni èmi yóò gbé.

Wo keel rẹ̀ dáadáa, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó ń rì sínú omi. Ọ̀kan wà tí wọ́n rọ ohun wíwúwo sí nínú, kí ère lè dìde fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá jù ú láti inú ọkọ̀. Èkejì ṣófo, omi ló ń wọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀. Ìwọ tó dúró nínú omi, tí o ń fi ọwọ́ ara rẹ tò wọ́n, kí lo fẹ́ fi ti àkọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ìbejì, Port Arthur:

Ọ̀rọ̀ Bàbá dára, ṣùgbọ́n àbúrò béèrè nípa oríṣi mẹ́ta, wọn kò sì tíì dá a lóhùn lórí wọn. Fóòmù fúyẹ́, bí ọta bá sì bà á, kò ní rì. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ṣeé ká, nítorí náà yóò gba àyè nínú àpò. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ní òrùka wíwúwo kan nísàlẹ̀, bí o bá jù ú sílẹ̀ yóò gba afẹ́fẹ́ wọlé fúnra rẹ̀, o sì lè ká mẹ́fà sínú àpò kan ṣoṣo. Àmọ́ bí ọta kan bá ti lù ú, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn, afẹ́fẹ́ tó ń ti ojú òkun wá ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí sì máa ń tì í kiri ju bó ti yẹ lọ. Pátákó pẹlẹbẹ ni kò gba àyè rárá. A ń gún igi rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ni, kì í mì, ẹyẹ tó bá sì wà lókè tààrà kò ní rí i ju ìlà tín-ínrín lọ, nítorí náà má ṣe fi òun nìkan ṣe é.

Ohun tí èmi yóò rà ni teal fóòmù mẹ́fà, pẹ̀lú pátákó mẹ́rin tí n ó gún sétí omi, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ibi ọ̀tọ̀.

Adé Reno:

Ní Nevada tí mo wà níbí, wọ́n wú ère pẹ́pẹ́yẹ 11 jáde nínú ihò àpáta Lovelock ní ọdún 1924, tí wọ́n fi koríko etí omi tó ń jẹ́ tule hun, wọ́n sì ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún. Inú koríko yẹn kún fún afẹ́fẹ́, nítorí náà ó fúyẹ́, àwọn ènìyàn Paiute kan, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ṣì ń hun irú ère bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá ní sùúrù lè gbìyànjú rẹ̀.

Ní ti mímì tí Ìyá Ìbejì mẹ́nu bà, ẹ má ru ère oníbátìrì tó ń yí apá, nítorí ó wúwo, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti fòfin dè é rí. Okùn kan, rọ́bà tó ń fà, àti igi kékeré kan ti tó: ẹ gún igi náà mọ́ ẹrẹ̀, ẹ so rọ́bà mọ́ ọn, ẹ so okùn mọ́ rọ́bà, ẹ so ère méjì mọ́ okùn náà, kí ẹ sì máa fà á láti ibi tí ẹ sá pamọ́ sí, omi yóò máa rú bí ìgbà tí ẹyẹ ń jẹun.

Ọmọ Ọdẹ Houston:

Ẹ ṣeun gan-an. Fóòmù mẹ́fà àti pátákó mẹ́rin ni mo fẹ́ rà, n ó sì pààrọ̀ òjé. Ṣé àpò ẹ̀yìn tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ lè gbé wọn?

Bàbá Ọdẹ Beaumont:

Rárá, àpò àwọ̀n ni kí o rà, èyí tó ní okùn èjìká méjì. Àpò aṣọ yóò gba omi àti ẹrẹ̀ dúró, ohun tó fúyẹ́ lówùúrọ̀ yóò sì wúwo nígbà tí o bá ń padà. Bí keel èyí tí o rà bá ṣófo, dojú ère kọ̀ọ̀kan dé kí omi inú rẹ̀ jò tán kí o tó kó wọn sínú àpò náà.