"Aláìjá" ni, kì í ṣe "àìdádúró"

Ẹ̀yin ará, okun o. Kàbà ni mo ti ń kọ̀wé yìí.

Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ìṣòro ìtẹ́lọ́rùn" fún ìṣòro Boole (ìṣirò òótọ́ àti irọ́) tí wọ́n ń pè ní SAT ("satisfiability" lédè Gẹ̀ẹ́sì), wọ́n sì pe irú ọ̀nà ìṣirò kan tí wọ́n fi ń yanjú rẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "continuous", ní "ọ̀nà àìdádúró". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọkàn mi ò gba méjèèjì.

Ènìyàn ló ń ní ìtẹ́lọ́rùn. Ohun tí SAT ń bèèrè ni pé: ṣé a lè pín òótọ́ àti irọ́ fún àwọn lẹ́tà inú fọ́múlà kan, kí gbogbo awẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn gbólóhùn kéékèèké bíi "A tàbí B" tó para pọ̀ di fọ́múlà náà, ṣẹ? Àlá ń ṣẹ, àdúrà ń ṣẹ. "Ìṣeémúṣẹ" ni tèmi. "Awẹ́" tí ẹ yá lọ́wọ́ àwọn onígírámà dára púpọ̀, ẹ jẹ́ ká dì í mú.

"Àìdádúró" ló ká mi lára jù. Òjò àrọ̀mọ́jú ni kò dádúró. Bí iṣẹ́ ṣe pẹ́ tó kọ́ là ń sọ níbí. Nínú SAT, òótọ́ jẹ́ 1, irọ́ jẹ́ 0, kò sí àárín. Lẹ́tà 20 péré ti ní ọ̀nà ìpín 1,048,576. Àwọn tó ń lo ọ̀nà ìṣirò tí à ń sọ yìí wá ní kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè dúró níbikíbi láàárín 0 sí 1. Ẹ wo awẹ́ "A tàbí B". Yọ A kúrò nínú 1, yọ B kúrò nínú 1, kí o sọ ohun tó ṣẹ́kù lọ́tùn-ún lósì di ìlọ́po ara wọn: ìtanràn awẹ́ náà nìyẹn. Bí A àti B bá wà ní 0.5, ìtanràn jẹ́ 0.25. Rọra ti A dé 0.9, ó di 0.05. Bí A bá kan 1, ìtanràn tán, awẹ́ ṣẹ. Kọ̀ǹpútà á ro ìtanràn gbogbo awẹ́ pọ̀, á sì máa wá ọ̀nà ìsàlẹ̀ títí dé òdo.

Láti 0 dé 1, kò síbi tó já, bí òwú lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tó ń hunṣọ ní Bùnú. Ìdí tí mo fi ní ká pè é ní "ọ̀nà aláìjá" nìyẹn.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. Nígbà míì, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè á já sínú kòtò kan ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Ibi gbogbo tó bá gbé ẹsẹ̀ sí ló ga ju ibi tó dúró lọ, bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ìsàlẹ̀. Ọ̀nà aláìjá máa ń há síbẹ̀, ìtanràn kò sì ní tíì tán. "Kòtò ẹ̀tàn" ni mo ń lò. Ẹ̀yin ará Ìjùmú àti Yàgbà tí ẹ ń gbé láàárín òkè, kí lẹ ń pè é nílé?