Ìmọ̀ràn: ṣé kí n yọ páwà kúrò nínú sítíárìn Golf 3 mi?

GolfMókólá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Golf 3 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8, gíá ọwọ́. Ìbàdàn ni mo wà, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbé e láti Mókólá lọ síbi iṣẹ́ ní Challenge. Páwà ló ní, ìyẹn ni pé pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì láti ran ọwọ́ lọ́wọ́ nídìí sítíárìn. Rákì sítíárìn rẹ̀, irin tó ń yí táyà iwájú, ń jò, ọ́ìlì ń jáde látinú rọ́bà tó wà lápá ọ̀tún àti tòsì. Bí mo bá da ọ́ìlì sí i láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú pọ́ǹpù á ti máa ké. Mẹkáníìkì mi ní kí n jẹ́ kí òun gé bẹ́líìtì pọ́ǹpù náà dànù, pé báyìí ni gbogbo èèyàn ń ṣe é. Ẹlòmíràn ní kí n lọ wá rákì mánúà, èyí tí kò ní páwà. Ta ló ti ṣe é rí lára ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìgboro, tí kì í ṣe ọkọ̀ eré ìje? Kí ni kí n rà, kí ni kí n má fọwọ́ kàn? Táyà 195/50 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, rìímù 15.

ỌmọLádìípọ̀
Bọ̀ọ̀dá, ẹ má gé bẹ́líìtì yẹn o. Rákì ni mò ń tà, mo sì ń rí àwọn tó gé e bí wọ́n ṣe ń padà wá.

Rákì páwà kì í ṣe rákì mánúà tí wọ́n kàn so pọ́ǹpù mọ́. Písítìnnì kan wà lára ọ̀pá tó wà nínú rẹ̀, síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́, sì yí i ká. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì ló ń ti písítìnnì náà lọ sọ́tùn-ún sósì. Tí pọ́ǹpù ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ọwọ́ tiyín ni yóò máa tì í, á sì tún máa fún ọ́ìlì tó ṣẹ́kù gba ojú fáàfù tóóró. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń le ju mánúà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ lọ.

Ohun kejì tí àwọn mẹkáníìkì kì í sọ: níbi tí ọ̀pá sítíárìn ti wọnú rákì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó máa ń lọ́ díẹ̀ bí ẹ bá yí ọwọ́. Bó ṣe ń lọ́ ló ń ṣí fáàfù. Nígbà tí kò sí ọ́ìlì, ẹ óò kọ́kọ́ lọ́ irin yẹn kí táyà tó gbọ́. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ó ṣófo díẹ̀, kó tó mú. Ẹ gbé irú ẹ̀ gba ọ̀nà Èkó-Ìbàdàn kí ẹ wá sọ bó ṣe rí fún wa.

Ẹ tún wo bẹ́líìtì ọ̀hún dáadáa. Bó bá jẹ́ òun kan náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù tàbí alternator tó ń ṣaájì bátìrì, ẹ ò lè gé e rárá, àfi kí ẹ wá bẹ́líìtì tó kúrú tàbí púlè kan tí yóò dípò pọ́ǹpù. Ẹ má sì fi pọ́ǹpù tó gbẹ sílẹ̀ kó máa yí lásán. Ọjọ́ tó bá há, á já bẹ́líìtì, bí wọ́tà pọ́ǹpù bá sì wà lórí bẹ́líìtì yẹn, ẹ́ńjìnnì yín á gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

BàbáOní504
Ẹ̀yin ọmọ yìí ń bẹ̀rù mánúà ju bó ṣe yẹ lọ. Beetle tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ la fi kọ́ mọ́tò, kò sì sí páwà kankan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, GolfMókólá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Beetle wà, iwájú rẹ̀ fúyẹ́. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì àti gíá Golf wà pa pọ̀, táyà tó ń fa ọkọ̀ náà ló sì tún ń yí. Ohun tí yóò pa ọ́ lápá ni táyà 195/50 yẹn. Golf 3 kékeré tí wọ́n ṣe láìní páwà, táyà 175/70 rìímù 13 ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Tí rìímù rẹ bá tún yọ síta ju bọ́dì lọ, táyà kò ní yí lójú kan mọ́, ńṣe ni yóò máa wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ yíká. Tún wo afẹ́fẹ́ táyà iwájú: bó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, oníṣítíárìn páwà kò ní mọ̀, ìwọ yóò mọ̀ kí o tó kúrò nílé.

Èyí tó kù, ọgbọ́n wíwà ni. Má ṣe yí sítíárìn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Jẹ́ kí táyà gbéra kí o tó yí i. Àwọn onítakisí Peugeot 504 mọ̀ ọ́n dáadáa. Má sì fi àwọn sítíárìn róbótó kékeré ti ọkọ̀ eré ìje yẹn sí i, sítíárìn ńlá tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ni kí o fi sílẹ̀.

AraLúńdọ̀nù
Ẹ kú ìjókòó. Mazda MX-5 àkọ́kọ́ ni mò ń wà níbí, mo sì ti yọ páwà rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: ọwọ́ mi ń gbọ́ ohun tí táyà ń ṣe, pàápàá nígbà òjò. Ọkọ̀ yẹn wà lóríṣi méjì láti ilé iṣẹ́, mánúà àti páwà. Ti mánúà jẹ́ 18 sí 1, ti páwà jẹ́ 15 sí 1. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá máa yí táyà ní ìwọ̀n 1, sítíárìn yóò yí ní ìwọ̀n 18 nínú mánúà. Ọwọ́ ń yí púpọ̀ ni kò jẹ́ kó wúwo. Àwọn tó kàn gé bẹ́líìtì, 15 ni wọ́n ṣì ń yí láìsí olùrànlọ́wọ́.

Ọ̀nà kẹta wà: kí ẹ tú rákì páwà palẹ̀, kí ẹ yọ òrùka písítìnnì àti síìlì inú, kí wọ́n jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ỌmọLádìípọ̀ sọ yẹn pọ̀ kó má lè lọ́ mọ́, kí ẹ wá kun gbogbo inú rẹ̀ ní gíríìsì, kí ẹ sì dí àwọn ihò ọ́ìlì. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá wà ní ìlú ọba ní láti sọ fún iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ kó tó ṣe é, kò gbọdọ̀ fi pa mọ́.

BàbáOní504
Jíjó irin sítíárìn ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ síbi iṣẹ́? Ní ọ̀dọ̀ wẹ́dà ẹ̀bá títì? Kò tọ́. Bí yóò bá já, kò ní já nínú gáréèjì.

AraLúńdọ̀nù
Bàbá, ẹ jàre lórí ìyẹn. N kò sọ pé kí ó gbé e fún ẹni tó ń jó gééètì. Ẹni tó ń ṣe ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ló ṣe tèmi. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí nítòsí rẹ̀, kó wá rákì mánúà.

ÌyáÌbejì_Àkúrẹ́
Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Golf 3 lèmi náà ní. Ẹni tó tà á fún mi ti gé bẹ́líìtì kí n tó rà á. Lójú ọ̀nà tó já geere, kò sí wàhálà. Ẹ wá bá mi lọ́jà ní ọjọ́ tí mo fẹ́ yọ ọkọ̀ láàárín ọkọ̀ méjì, tí alákẹ̀kẹ́ tún ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Èjìká mi kò sinmi títí mo fi tún rákì náà ṣe.

Kí ló dé tí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ yíyọ, tí ẹnìkan ò sọ̀rọ̀ títún ṣe? Síìlì rákì ń jẹ́ títà ní odindi páàkì. Kí wọ́n tú u, kí ẹ wo ọ̀pá inú rẹ̀ fúnra yín. Bó bá ń dán, síìlì tuntun á mú un, ó parí. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ ní ojú kéékèèké, síìlì tuntun á fàya láìpẹ́, ẹ má náwó sí i. Ìpẹtà náà kì í dédé wá: rọ́bà tó bo ẹ̀gbẹ́ rákì ló kọ́kọ́ ya, omi ọ̀nà sì wọlé.

Ẹ sì tún bi ara yín léèrè ọ́ìlì tí ẹ ń dà. Ọ́ìlì aláwọ̀ ewé ni Volkswagen ní ká dà sí Golf 3. ATF pupa, ọ́ìlì gíá ọlọ́tọmátíìkì, ni gbogbo wa ń dà. Ọ́ìlì aláwọ̀ ewé ni mò ń dà sí tèmi láti ìgbà tí mo ti tún un ṣe, kò sì tíì jò.

GolfMókólá
Ẹ ṣeun gan-an, Màmá Ìbejì. Ẹnìkankan kò tíì tú tèmi wò rárá, wọ́n kàn ń dájọ́ ni. Àmọ́ bí ọ̀pá bá ti jẹ ńkọ́? Àti pé mo gbọ́ pé èèyàn lè fi sítíárìn oníná sí i.

ỌmọLádìípọ̀
Oníná ṣeé ṣe. Ti Opel Corsa tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 2000 ni wọ́n máa ń lò lókè òkun, torí mọ́tọ̀ rẹ̀ wà lórí ọ̀pá sítíárìn nínú ọkọ̀, lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ṣùgbọ́n wọ́n máa gé ọ̀pá, wọ́n á tún fa wáyà ńlá láti bátìrì. Fún ọkọ̀ tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Bí ọ̀pá bá ti jẹ, rákì mánúà tòkúnbọ̀ ni kí ẹ wá, àwọn Golf 3 kan tó ti Yúróòpù wá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 1.4 ní in. Ẹ má ra rákì nìkan. Ẹ gbà á pẹ̀lú táì rọ́ọ̀dù rẹ̀ (ọ̀pá tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ táyà), irin tó dè é mọ́lẹ̀ àti jọ́íǹtì ìsàlẹ̀ ọ̀pá sítíárìn, látara ọkọ̀ kan náà. Gíá ọwọ́ lẹ ń lò, nítorí náà ẹ wo ẹ̀yìn rákì náà dáadáa: ara rákì ni wọ́n so apá kan nínú irin gíá Golf mọ́. Mo ti rí ẹni tó gbé rákì délé kó tó mọ̀ pé ibi ìsomọ́ yẹn ti ṣẹ́.

GolfMókólá
Ó dáa. Sátidé ni wọ́n máa tú u. Màá wo ọ̀pá náà lójú ara mi. Bó bá dán, síìlì àti ọ́ìlì ewé. Bó bá jẹ, màá wá sí ọjà Ládìípọ̀ ní Èkó, màá sì gbé rìímù 15 yìí tà kí n tó kúrò ní Ìbàdàn.

ỌmọLádìípọ̀
Ẹ gbé rákì tiyín dání wá, ká lè fi méjèèjì wéra kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ sì ra nọ́ọ̀tì tuntun fún gbogbo ibi tí wọ́n bá tú, kí wọ́n má dá ti àtijọ́ padà. Ọ̀dọ̀ alignment, níbi tí wọ́n ti ń to táyà kó gún, ni kí ẹ gbà lọ tààrà látọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.