Texture inú irin kì í ṣe "ìrísí ara": ẹ jẹ́ ká pè é ní àjọkọjú

Ẹ̀yin ará, àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí ohun tí àwọn onímọ̀ irin ń pè ní texture. Ọ̀kan ní ká pè é ní "ìrísí ara", èkejì ní ká pè é ní "ìdojúkọ". N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí máa wọnú ìwé tí àwọn ọmọ wa yóò fi kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ; bí a bá ṣì í sọ, wọ́n á ṣì í lóye.

Ìrísí ara ni ohun tí ojú rí, tí ọwọ́ sì lè fọwọ́ bà. Páànù méjì lè jẹ́ irin kan náà, kí wọ́n dán bákan náà, kí wọ́n sì nípọn bákan náà, síbẹ̀ kí texture wọn yàtọ̀ pátápátá. Inú lọ́hùn-ún ló wà. Hóró kéékèèké ló kún inú irin, kírísítà sì ni hóró kọ̀ọ̀kan, tí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí àwọn hóró yìí bá kọjú síbi tó wu kálukú wọn, irin náà kò ní texture. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá jọ kọjú síbì kan, ó ní in nìyẹn. Ìtànṣán X-ray ni wọ́n sábà fi ń wò ó, nítorí pé láti 1912 ni Max von Laue àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé kírísítà máa ń tú ìtànṣán náà ká ní ọ̀nà tó létòò.

"Ìdojúkọ" sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ìṣòro ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń túmọ̀ sí báyìí. Ẹni tó bá ka "ìdojúkọ páànù alumíníọ́mù" á rò pé wàhálà tó ń bá páànù fínra là ń sọ. Ohun mìíràn tún wà: hóró kan ṣoṣo ní ibi tó kọjú sí, ṣùgbọ́n hóró kan kì í dá ní texture. Ọ̀pọ̀ ló ń ní in. Ìdí nìyí tí mo fi mú "àjọ" tó wà nínú àjọṣe àti àjọbí, tí mo sì so ó mọ́ kọjú. Àjọkọjú ni ti ọ̀pọ̀ hóró, ìkọjúsí ni ti ẹyọ kan.

Lórí fífi rólà tẹ irin, "yíyí" tí àwọn kan ń lò kò bá a mu. Rólà ló ń yí. Páànù gba àárín rólà méjì kọjá ni, ó ń tínrín, ó sì ń gùn. Ìtẹ̀rólà ni mo fara mọ́, a ó sì nílò orúkọ fún oríṣiríṣi rẹ̀, nítorí oríṣi tí a bá lò ló ń pinnu àjọkọjú tí a máa bá nínú irin.

Nínú ìtẹ̀rólà tútù, ìyẹn èyí tí a kì í kọ́kọ́ fi iná mú irin gbóná, àwọn ìpele átọ́ọ̀mù máa ń yọ̀ lórí ara wọn, hóró kọ̀ọ̀kan á sì máa yí padà díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀pọ̀ yóò fi jọ kọjú sí àwọn ọ̀nà mélòó kan. Irú irin náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: bàbà ló pọ̀ jù nínú idẹ, síńkì ni wọ́n pò mọ́ ọn, síbẹ̀ ibi tí hóró idẹ ń kọjú sí kì í ṣe ti bàbà. Bí a bá wá yan páànù náà nínú iná, hóró tuntun á hù, àjọkọjú á sì lè yí padà.

Ẹ wo alumíníọ́mù. Ẹ gé abala róbótó kan lára páànù rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ tì í wọ inú ihò irin títí yóò fi di ife. Ẹnu ife náà kì í sábà tẹ́jú, ó máa ń yọ etí mẹ́rin. Bó bá jẹ́ àjọkọjú ìtẹ̀rólà tútù ló gbilẹ̀, etí náà á yọ ní dígírì 45 sí ọ̀nà tí páànù gbà kọjá láàárín rólà. Bó bá jẹ́ èyí tó ń hù lẹ́yìn yíyan ni, etí á yọ ní òòró àti ní ìbú. Àwọn tó ń ṣe agolo máa ń wá bí àjọkọjú méjèèjì yóò ṣe pa ara wọn, nítorí gígé ni wọ́n ń gé etí yẹn dànù. Gbẹ́nàgbẹ́nà mọ̀ pé pákó kì í là bákan náà ní òòró àti ní ìbú. Bẹ́ẹ̀ náà ni páànù rí.

Bí wọ́n bá ń yí páànù ní dígírì 90 kó tó padà sáàárín rólà, ìyàtọ̀ òòró àti ìbú á dín kù. Mo pe ìyẹn ní ìtẹ̀rólà tìbú-tòró. Bí eré rólà méjèèjì kò bá dọ́gba, ìtẹ̀rólà aláìdọ́gba ni, irin magnẹ́síọ̀mù sì ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. Igun mẹ́fà ni kírísítà rẹ̀ ní. Ìtẹ̀rólà lásán máa ń tẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ (ìpele átọ́ọ̀mù tó jẹ́ ìdí igun mẹ́fà náà) gbalaja sí ojú páànù, tó fi jẹ́ pé kì í pẹ́ sán bí a bá ṣẹ́ ẹ po ní tútù. Aláìdọ́gba lè mú kí ìpele náà dagun díẹ̀, kí páànù sì rọrùn láti tẹ̀ sí bó ṣe wuni.

Orúkọ ènìyàn ni kí ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Norman Goss gba ìwé ẹ̀tọ́ àtinúdá ní Amẹ́ríkà ní 1934 lórí irin tó ní sílíkọ́nì, tí wọ́n tẹ̀ ní tútù, tí wọ́n sì yan. Etí kírísítà inú rẹ̀ (ìlà tí ojú kírísítà méjì ti pàdé) jọ na ọ̀nà ìtẹ̀rólà, ọ̀nà yẹn gan-an ló sì rọrùn jù fún irin láti gba agbára òòfà. Òun ni wọ́n ń tò sínú tiransifọ́mà. Àjọkọjú Goss ni.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ ká jọ yanjú ni bí a ṣe máa sọ pé àjọkọjú pọ̀ tàbí kò pọ̀. "Líle" kò ṣeé lò, nítorí líle jẹ́ ohun mìíràn tí wọ́n ń wọ̀n lára irin. "Nípọn" náà kò ṣeé lò, ti páànù nìyẹn. Mo dábàá pé ká ní àjọkọjú mú, tàbí ó kú, bí a ti ń sọ ọ́ fún ojú ọ̀bẹ. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀wọ́ gbé e wá.