Káàdì pọ́ìntì ọ̀fẹ́ ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, ṣé èrè wà níbẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Lánàá mo lọ ra mílíìkì àti pámpásì ní sùpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Bódìjà, ọmọbìnrin tó ń gbowó wá bi mí pé ṣé mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo ní rárá, ó ní ọ̀fẹ́ ni, kí n ṣáà sọ nọ́ńbà fóònù mi, pé gbogbo ìgbà tí mo bá rajà ni pọ́ìntì á máa wọlé fún mi, tó bá pọ̀ màá fi ra nǹkan. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó ná. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé, ìbejì ò tíì bọ́ pámpásì, owó tí mò ń ná sí sùpámákẹ́ẹ̀tì nìkan ti ń tó 60,000 náírà lóṣù, ó ti ń ga mí lára. Ta ló ti ń ṣe é nínú yín? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Bọ̀dé Mọ́kọ́lá
Ẹ gbà á mà. Mo ti ń ṣe é lé lọ́dún kan, pọ́ìntì ni mo fi ra òróró tá a fi ṣọdún, mi ò san kọ́bọ̀ lé e. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè pé náírà mélòó lẹ máa ná kí pọ́ìntì kan tó wọlé, àti pé náírà mélòó ni pọ́ìntì kan jẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ná an, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ká ní 100 náírà ló ń mú pọ́ìntì 1 wá, tí pọ́ìntì 1 sì jẹ́ náírà 1, á jẹ́ pé 60,000 yín ń mú 600 wá lóṣù, 7,200 lọ́dún. Kò pọ̀ lọ títí, àmọ́ ẹ ò sanwó fún un. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wá ń wọ Micra láti Akóbọ̀ lọ Ring Road torí 600 yẹn, owó ọkọ̀ ti jẹ ẹ́ tán nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tó bá wà lójú ọ̀nà yín ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Dọ́tun Challenge
Ẹ má kó o jọ pẹ́ o! Èmi tọ́jú tèmi fún oṣù mẹ́wàá, mo ní kó pọ̀ dáadáa kí n tó ná an, ìgbà tí mo débẹ̀ wọ́n ní ó ti expire, pé inú ápù wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó dùn mí gan-an. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé àwọn bísíkíìtì kan wà tí mo rà nígbà yẹn torí pé wọ́n ní pọ́ìntì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè bísíkíìtì lọ́wọ́ mi nílé.

Àlàájà Ògùnpa
Ẹ̀yin ọmọ mi, kí wọ́n tó máa pè é ní pọ́ìntì la ti ń fúnni ní ènì. Tẹ́ ẹ bá wọn kóńgò gààrí mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, mo gbọ́dọ̀ bu ènì lé e, ẹni tó bá sì ti ń bá mi rajà tipẹ́, iye tí mò ń tà fún ẹni tó ń kọjá lọ kọ́ ni mò ń tà fún un. Ènì kì í kú, ojú ẹsẹ̀ lẹ ń gbé e lọ sílé. Ìyá Ìbejì, ẹyọ ẹyọ tẹ́ ẹ̀ ń ra mílíìkì yẹn ló ń gba owó lọ́wọ́ yín. Odidi páálí ni kẹ́ ẹ rà ní Agbẹni tàbí lọ́dọ̀ wa níbí, kí ẹ̀yin àti aládùúgbò kan pín in.

Láńre Òkè-Àdó
Òótọ́ ni Àlàájà sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi tí mo wà báyìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, sùpámákẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Tesco ti ń ṣe káàdì pọ́ìntì tí wọ́n ń pè ní Clubcard láti 1995, ọ̀fẹ́ ni. Pọ́n-ùn 1 tẹ́ ẹ bá ná, pọ́ìntì 1, tó bá ti pé 150 wọ́n á sọ ọ́ di pọ́n-ùn 1 àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n pọ́ìntì kọ́ ni mo ń torí ẹ̀ mú un dání, iye méjì ni wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ ọjà, ẹni tó ní káàdì á san èyí tó kéré, ẹni tí ò ní á san èyí tó ga. Torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ti Bódìjà náà ń dín iye ọjà kù fún ẹni tó forúkọ sílẹ̀, torí ìyẹn lówó lórí ju pọ́ìntì lọ.

Akọ̀wé Sáńgo
Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan ti tó fún wọn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú BVN, PIN tàbí OTP wá torí káàdì ṣọ́ọ̀bù, olè ni, ẹ yára kúrò níbẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, tó bá sú yín ẹ lè ní kí wọ́n pa orúkọ yín rẹ́.

Bọ̀dé Mọ́kọ́lá
Ó kù kan: nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kí gbogbo ilé máa lò. Tí Bàbá Ìbejì bá lọ rajà, nọ́ńbà yín ni kí wọ́n sọ, kí pọ́ìntì má baà fọ́n káàkiri.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní ṣaláìrí ẹni tó máa gbà yín nímọ̀ràn. Mo padà lọ láàárọ̀ yìí, mo bi wọ́n gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, wọ́n ní ọdún kan ni pọ́ìntì ń lò, mo sì ti forúkọ sílẹ̀. Pámpásì nìkan ni màá máa rà níbẹ̀. Mílíìkì ní tiẹ̀, èmi àti Màmá Tóbi tó wà ní fúláàtì ìsàlẹ̀ ti dáwó páálí kan. Àlàájà, ọjọ́ wo ni èrò kì í pọ̀ lọ́dọ̀ yín?

Àlàájà Ògùnpa
Ẹ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ gbé àpò dání.