Egbére kò nílò máàpù: lórí gbólóhùn ìṣúra yẹn

Gbólóhùn tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nìyí, láti inú ìtàn àròsọ àwọn ọmọdé kan tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, tí wọ́n sì fi egbére pe àwọn ẹ̀dá kúkurú inú rẹ̀: "Àwọn egbére méje tẹ̀lé àwòrán ilẹ̀ náà títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n sin ìṣúra sí, ní ẹsẹ̀ 20 sí àríwá igi." Àwọn kan ní kí a yọ egbére, kí a fi aràrá rọ́pò rẹ̀, ó parí. Kò parí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ń ṣàìsàn níbẹ̀. Ti egbére ló kàn hàn jù.

Egbére kì í ṣe orúkọ òfìfo. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti rí ẹní lábẹ́ abíyá rẹ̀, ó ti gbọ́ ẹkún rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá gba ẹní náà tó sì fara da ẹkún yẹn yóò di olówó. Òun fúnra rẹ̀ ni ìṣúra tó ń rìn kiri. Kí ló wá fẹ́ fi máàpù wá? Òǹkàwé á kàn máa retí ẹní títí ìtàn á fi tán ni. Wọlé Ṣóyínká bá irú ìṣòro yìí pàdé láti òdìkejì, nígbà tó túmọ̀ Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968: kò jẹ́ kí irúnmalẹ̀ di "demon", ẹ̀mí èṣù, lásán, "daemon" ló kọ.

Aràrá rọrùn lẹ́nu, àmọ́ ènìyàn gidi ni aràrá, ó ń bá wa gbé. Bí a bá sọ ọ́ di ẹ̀dá inú ihò, ojú wo ni wọ́n á fi wo ọmọ tó jẹ́ aràrá ní kíláàsì tí wọ́n ti ń ka ìwé náà? "Ènìyàn kékeré" kò gbè wá: tí Yorùbá bá ní ẹnì kan kì í ṣe ènìyàn kékeré, ipò là ń sọ, kì í ṣe gíga. Ẹni tó dábàá "adéékún", ẹni tí gíga rẹ̀ dé eékún, hun ọ̀rọ̀ dáadáa: a-, dé, eékún. Ṣùgbọ́n adé ni ojú á kọ́kọ́ rí. Kó tó yé ọmọdé pé kì í ṣe Adékúnlé, ó ti ṣí ojú ìwé kọjá.

Ibi tí irú àwọn ẹ̀dá kúkurú inú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń gbé ni mo ní kí a fi sọ wọ́n lórúkọ, bí a ṣe ń sọ pé ará oko, ará ọ̀run. Àwọn tó ń wa góòlù: ará inú òkè. Àwọn tó gbẹ́ ilé sínú ilẹ̀: ará ihò. Àwọn tó ń la erùpẹ̀ kọjá bí ẹja nínú omi: ará abẹ́lẹ̀. Pé "lábẹ́lẹ̀" tún jẹ́ ìkọ̀kọ̀ kò ba nǹkan jẹ́, ó tilẹ̀ bá wọn mu. Gíga wọn, gbólóhùn kan péré ti tó o. "Hobbit", ẹ̀dá kúkurú inú ìtàn Tolkien, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ni n kò ní túmọ̀. Ìwé Tolkien tó jáde ní 1937 ló sọ orúkọ yẹn di mímọ̀, òun náà ló sì kọ ọ́ fún àwọn atúmọ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Hóbíìtì, ó tán.

Sin ńkọ́? Òkú là ń sin. Owó, à ń rì í mọ́lẹ̀ ni. Ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀: "wọ́n rì í mọ́lẹ̀", àmọ́ "wọ́n ri ìṣúra mọ́lẹ̀", torí ohùn ìsàlẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń di ti àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìṣúra ní tirẹ̀ kò lẹ́jọ́. Bíbélì ti lò ó fún ohun tí a fi pamọ́ sínú oko, ní Mátíù 13:44.

Àwòrán ilẹ̀ yẹ iṣẹ́ awọnlẹ̀, tó ní òṣùwọ̀n. Bébà ìṣúra kì í sábà ní òṣùwọ̀n: igi, àpáta àti iye ìṣísẹ̀ ló ń tò. Àwòrán atọ́nà ni mo fara mọ́, máàpù náà kò sì burú. Àmì X tó wà níbi ìṣúra, ẹ má pè é ní àmì ìsọdipúpọ̀, ẹ má sì sọ ọ́ di àgbélébùú. Àmì ìdábùú ni, ìlà méjì tó dábùú ara wọn.

Ẹsẹ̀ 20 ló léwu jù. Ẹni tó kà á bí ẹsẹ̀ bàtà á dúró ní nǹkan bí mítà 6. Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, ìṣísẹ̀ ẹni tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ sì máa ń tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gíga rẹ̀. Fún ẹni tó ga ní mítà 1.7, ìṣísẹ̀ 20 ń lọ sí mítà 13 àti díẹ̀. Fún ará ihò tó ga ní mítà 1, mítà 8 ni. Ọ̀rọ̀ kan, kòtò mẹ́ta. (Ìgbésẹ̀ náà ṣeé lò, àmọ́ rédíò ti fi ti ìjọba kún un jù.) "Ìṣísẹ̀ ará ihò 20" ni kí a kọ, kí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ mọ ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.