Ògiri tó ń rin: mo ti rí ìdí rẹ̀
Ẹ kú àdúrótì o. Mo bèèrè níjọ́sí ìdí tí ọ̀dà ògiri yàrá mi fi ń bó láti ìsàlẹ̀, bí mo tilẹ̀ ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Páìpù kọ́ ló ń jò. Ọgbà òdòdó mi ni: mo kó iyẹ̀pẹ̀ ti ògiri níta títí ó fi ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, omi sì ń wọnú bíríkì. Mo ti gbẹ́ ẹ kúrò, ó ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 relẹ̀ sí ilẹ̀ inú ilé, ó sì dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó dùn mí láti hú àwọn òdòdó yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí n tó kùn ún, ẹ ṣeun gan-an. Oṣù mẹ́ta ni mo fi dúró. Ọ̀dà ò bó mọ́.